Kíkọ Yàtọ̀ sí Kíkọ́: Iṣẹ́ Tó Fara Sin Nínú Sọ́fítíwíà Sáyẹ́ǹsì

Àmì ohùn kan ṣoṣo ló wà láàárín kọ àti kọ́. Ẹni tó ń kọ ìwé jókòó ti bírò. Ẹni tó ń kọ́ ilé ń po sìmẹ́ǹtì. Nínú iṣẹ́ sọ́fítíwíà, àwọn méjèèjì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ nìkan ni ayé máa ń kí kú iṣẹ́. Onímọ̀ ìṣirò a kọ kóòdù tó ń tú ìṣirò ńlá palẹ̀ kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, orúkọ rẹ̀ a sì jáde nínú jọ́nà. Ẹni tó kọ́ kóòdù náà, tó wá ọ̀nà tí yóò fi ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ní Ìbàdàn, ní Helsinki tàbí ní São Paulo, kì í sábà rí orúkọ rẹ̀ níbi kankan. Iṣẹ́ ẹni kejì yìí ni àròkọ yìí dá lé.

Kóòdù tí ènìyàn kọ, ọ̀rọ̀ lásán ni. Ó jìnnà sí sọ́fítíwíà tó ń ṣiṣẹ́ bí iṣu inú ebè ṣe jìnnà sí àmàlà. Wọ́n á bẹ iṣu, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á kù ú, kí ẹnikẹ́ni tó gbé omi kaná. Kóòdù náà ní ìrìn tirẹ̀. Kọ̀ǹpáílà á sọ fáìlì kọ̀ọ̀kan di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Wọ́n á so àwọn fáìlì náà pọ̀. Wọ́n á wá àwọn àkójọ irinṣẹ́ mìíràn tó gbára lé, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní láíbúrárì, wọ́n á sì kó gbogbo rẹ̀ síbi tó ti ṣeé lò. Bí èyí tó yẹ kó kẹ́yìn bá ṣíwájú, iṣẹ́ dàrú. Ohun tó ń to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ ni ètò kíkọ́, tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní build system.

Bí ètò yìí bá kùnà, ohun tí ojú ń rí kò kéré. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì kan fẹ́ fi SciPy, láíbúrárì ìṣirò kan, sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tó rà ní tòkunbọ̀. Kò sí ẹ̀dà tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó ní láti kọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ó ra dátà, ó tẹ àṣẹ, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lójú kọ̀ǹpútà bí omi òjò. Ó pẹ́ díẹ̀, ó dúró. Kọ̀ǹpútà ní òun kò rí BLAS, òun kò rí LAPACK. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí kò gbọ́ orúkọ méjèèjì rí. Kò mọ̀ pé láti ọdún 1979 ni BLAS ti ń ṣe ìṣirò ìpìlẹ̀ fún àwọn onísáyẹ́ǹsì, pé LAPACK tẹ̀ lé e ní 1992, àti pé orí wọn ni SciPy dúró lé. Ohun tó mọ̀ kò ju pé dátà ti tán, SciPy kò sì sí. Irinṣẹ́ tó wà lára èyí tí àwọn onísáyẹ́ǹsì lò láti mú àwòrán ihò dúdú àkọ́kọ́ jáde ní 2019 wà ní gbangba, ọ̀fẹ́ ni, kò sì sẹ́ni tó ní kó má lò ó. Síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ṣíṣí kóòdù sílẹ̀ fún gbogbo ayé kò tíì tó láti sọ pé ó ti di ti gbogbo ayé. Ètò kíkọ́ ló ń pinnu ẹni tí yóò wọlé.

Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú òwúrọ̀ kan tó ṣòfò. Ní 1976, ní ilé ìwádìí Bell Labs ní ìpínlẹ̀ New Jersey, Steve Johnson, ẹni tó kọ irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Yacc, bá Stuart Feldman ní ọ́fíìsì pẹ̀lú ìbínú. Gbogbo òwúrọ̀ ló ti fi ń wá àṣìṣe nínú kóòdù tí kò ní àṣìṣe mọ́. Ó ti tún un ṣe, àmọ́ ó gbàgbé láti tún fáìlì náà kọ́. Àtijọ́ ni ẹ̀rọ ṣì ń lò. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí Feldman alára ní alẹ́ tó ṣáájú. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, Feldman jókòó, ó sì ṣe Make.

Ọgbọ́n inú Make kò pọ̀, òun ló sì jẹ́ kó pẹ́ láyé. Ènìyàn á kọ ọ́ sínú fáìlì kan, Makefile, pé nǹkan báyìí ti ara nǹkan báyìí wá: `ooru.o` ti ara `ooru.c` wá. Make á wo aago tó wà lára fáìlì méjèèjì. Bí `ooru.c` bá kéré lọ́jọ́ orí ju `ooru.o` lọ, a jẹ́ pé ẹnìkan ti fọwọ́ kan kóòdù lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ kẹ́yìn, Make á sì tún un kọ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, á fi í sílẹ̀. Nínú láíbúrárì tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì, èyí ló ń sọ iṣẹ́ wákàtí méjì di ti ìṣẹ́jú méjì.

Níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ láìdágbére, ẹni tó bá ti kọ́ sọ́fítíwíà ńlá rí mọ adùn rẹ̀. Iná dé, ó tún tẹ `make`, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀ o. Bí ènìyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ dá Make dúró, Make máa ń pa fáìlì tí kò tíì parí rẹ́. Bí iná bá lọ lójijì, kò ráyè. Fáìlì aláàbọ̀ lè wà nílẹ̀, kí aago ara rẹ̀ tuntun, kí Make rò pé ó ti pé. Ẹni tí àṣìṣe tí kò ní orí tàbí ìdí bá yọ sí lẹ́yìn tí iná dé, kó kọ́kọ́ tẹ `make clean`, kó tún gbogbo rẹ̀ kọ́ láti ìpìlẹ̀.

Nǹkan kan tún wà nínú Make tó ń mú àwọn ọmọ iṣẹ́ sunkún títí dòní. Ìlà tó gbé àṣẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnnì Tab. Bí ènìyàn bá fi àlàfo mẹ́jọ sí i, ojú kò ní rí ìyàtọ̀ kankan, Make á sì kọ̀ jálẹ̀. Feldman ti ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀. Kò tíì mọ Lex, irinṣẹ́ tó fi ń ka fáìlì, dunjú nígbà náà, ó sì gba ọ̀nà tó rọrùn. Nígbà tó fi máa rò ó láti yí i padà, bí ènìyàn méjìlá ti ń lo Make, kò sì fẹ́ da iṣẹ́ wọn rú. Ènìyàn méjìlá! Nítorí wọn ni Tab fi wà níbẹ̀ títí di òní. Ní 2003, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ACM, fi àmì ẹ̀yẹ sọ́fítíwíà dá Feldman lọ́lá nítorí Make.

Make mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́. Kò mọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1980, Unix, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ti di oríṣiríṣi, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ta tirẹ̀. Èyí ní iṣẹ́ kan, tọ̀hún kò ní. Èyí kó fáìlì sí fódà kan, tọ̀hún kó o síbòmíràn. Ní 1991, David MacKenzie bẹ̀rẹ̀ Autoconf. Ó ń bí ẹ̀rọ léèrè ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi dókítà tó gbé etí lé àyà aláìsàn: ṣé kọ̀ǹpáílà wà? ṣé ó ń ṣiṣẹ́? báwo ni nọ́ńbà rẹ ṣe tóbi tó? Láti inú ìdáhùn ni yóò ti kọ Makefile tó bá ẹ̀rọ náà mu. Automake àti Libtool dara pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì di Autotools. Àṣẹ mẹ́ta tó ti ibẹ̀ wá, `./configure`, `make`, `make install`, ni ìran odindi kan nínú sáyẹ́ǹsì há sórí. FFTW, tí Matteo Frigo àti Steven G. Johnson ṣe ní MIT fún títú ìgbì ohùn àti ìmọ́lẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ọ̀nà yẹn ló gbà. GSL, àkójọ ìṣirò ti GNU, ń gbà á títí di ìsinsìnyí.

Àmọ́ Autotools kò fi bẹ́ẹ̀ ka Windows sí, ilé ìwòsàn àti ilé ìwé tó ń lo Windows kò sì níye.

Ohun tó yí èyí padà wá láti inú òkú ènìyàn kan. Ní August 1993, wọ́n pa Joseph Paul Jernigan ní ìpínlẹ̀ Texas lábẹ́ òfin, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ìpànìyàn. Ó ti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún sáyẹ́ǹsì. Wọ́n mú òkú rẹ̀ dì, wọ́n ń ha á ní mìlímítà kọ̀ọ̀kan láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n sì ń ya fọ́tò ojú ibi tí wọ́n bá ha dé. Fọ́tò náà jẹ́ 1,871. Obìnrin kan láti Maryland, ẹni ọdún 59, tẹ̀ lé e; ti obìnrin yìí tún fín ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá mẹ́ta mìlímítà ni wọ́n ń ha. Ilé-ìkówèésí ìjọba Amẹ́ríkà fún ìmọ̀ ìṣègùn ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Visible Human. Ara ènìyàn méjì wá wà lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tí yóò fi ọ̀nà hàn nínú rẹ̀, tí yóò ya ẹ̀dọ̀ kúrò lára ìfun, kò tó. Ní 1999, ilé-ìkówèésí náà gbé owó sílẹ̀ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́ mélòó kan lè kọ ọ́. Orúkọ rẹ̀ ni ITK.

Àwọn tó ń kọ ITK tú ká sí oríṣiríṣi ìlú, oríṣiríṣi ẹ̀rọ sì ni wọ́n ń lò: Unix ní ibí yìí, Windows lọ́hùn-ún. Kò sí ètò kíkọ́ tó lè gbé gbogbo wọn. Bill Hoffman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kitware, ilé iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ New York, ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́, wọ́n sì ṣe CMake. CMake kì í fúnra rẹ̀ kọ́ nǹkan. Ènìyàn á ṣàpèjúwe láíbúrárì rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan, á wá kọ Makefile fún ẹni tó wà lórí Unix, á kọ fáìlì Visual Studio fún ẹni tó wà lórí Windows. Nígbà tí KDE, tó ń ṣe ojú ìwòye fún Linux, gbà á ní 2006, CMake kúrò ní ti àwọn oníṣègùn nìkan. Lónìí, òun ni wọ́n fi ń ṣètò kíkọ́ ọ̀pọ̀ láíbúrárì C++ ayé. Ó yẹ kí ẹni tó ń fi í kọ́ géèmù orí fóònù mọ̀ pé nítorí àwòrán òkú méjì ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ìṣòro tuntun ti dé: ètò kíkọ́ ti pọ̀ jù. Alábòójútó láíbúrárì kan á jí ní òwúrọ̀, ẹnìkan á ní kó ṣe ti Autotools, ẹlòmíràn á ní ti CMake ni òun ń fẹ́, ẹ̀kẹta á fi ètò kíkọ́ mìíràn, Meson, ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Ẹ̀bùn ni lóòótọ́ lọ́jọ́ náà. Ní ọdún tó ń bọ̀, ẹni tó mú un wá ti lọ, alábòójútó ló sì kù tó ń tọ́jú rẹ̀.

GDAL mọ èyí dáadáa. Frank Warmerdam bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1998 láti máa ka àwòrán ilẹ̀ àti ti sátẹ́láìtì, ó sì ṣòro kí ènìyàn rí sọ́fítíwíà àwòrán ilẹ̀ tí kò ní i nínú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Autotools ló ń kọ́ ọ lórí Unix, fáìlì nmake, irú Make ti Microsoft, sì ń kọ́ ọ lórí Windows. Ẹni tó bá fi fáìlì tuntun kan kún GDAL gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí ibi méjì. Bó bá gbàgbé ọ̀kan, yóò dára lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, yóò sì bàjẹ́ lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Ní 2022, ẹ̀dà 3.5 mú CMake wọlé, ẹ̀dà 3.6 jáde kí ọdún náà tó parí, ó sì ti kó àwọn méjì àtijọ́ kúrò pátápátá. Wọn kò jẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gbé pẹ́. HDF5, tí NASA ń kó ìròyìn sátẹ́láìtì ilẹ̀ ayé pamọ́ sí, pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kó tó pinnu: ó gbé Autotools àti CMake pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀dà 2.0 ló tó fi Autotools sílẹ̀. Lójú ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀nà GDAL ló dára. Ọ̀kan tí wọ́n ń tọ́jú tọkàntọkàn sàn ju mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò dán wò láti ọdún tó kọjá.

Apá kejì iṣẹ́ ètò kíkọ́ ni àwọn alábòójútó láíbúrárì sábà máa ń gbójú fò. Kíkọ́ láíbúrárì tán kò tó. Àwọn ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ lè rí i lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́ ọ. Àpẹẹrẹ kan ni GSL. Ẹni tó bá fẹ́ so kóòdù rẹ̀ mọ́ ọn ní láti kọ `-lgsl -lgslcblas -lm`. Kí ló dé tí ti àárín fi dá dúró? Àwọn tó ṣe GSL mọ̀ọ́mọ̀ yà á sọ́tọ̀ ni, kí ẹni tó bá ní BLAS tó yára ju tiwọn lọ lè fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ìrònú tó jinlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n báwo ni àlejò yóò ṣe mọ̀? Ìdí nìyẹn tí GSL fi ń fi fáìlì kékeré kan sílẹ̀, `gsl.pc`, tí ìlà inú rẹ̀ kò ju mélòó kan lọ: ibi tí mo wà nìyí, ohun tí mo gbára lé nìyí, báyìí ni kí ẹ ṣe so mí mọ́ra. Irinṣẹ́ pkg-config á kà á, á dáhùn fún ẹni tó béèrè. Láíbúrárì tí kò fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ dà bí ilé tí kò ní nọ́ńbà ládùúgbò tí kò ní orúkọ. Ti Eigen, láíbúrárì C++ fún ìṣirò, tún yàtọ̀: inú fáìlì tí kóòdù ẹlòmíràn ń kó wọlé tààrà ni gbogbo rẹ̀ wà, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ kọ́ ṣáájú, ìyẹn sì wà lára ìdí tó fi tètè tàn kálẹ̀.

SciPy kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Travis Oliphant, Eric Jones àti Pearu Peterson ló dá a sílẹ̀ ní 2001, Python sì ni ojú rẹ̀. Nínú ikùn rẹ̀, C wà, C++ wà, Cython wà, Fortran tó ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó lọ sì wà. Distutils, tó máa ń bá Python wá, ni wọ́n fi ń kọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Fortran. Àwọn ará NumPy, láíbúrárì ìṣirò tí SciPy dúró lé, lẹ́ tiwọn mọ́ ọn, wọ́n pè é ní numpy.distutils. Ó ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ogún ọdún. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn tó yé dín kù, títí ó fi ku ẹni tí wọ́n lè fi ìka ọwọ́ kan kà. Owó kò sì sí nídìí rẹ̀: títí di 2017, NumPy alára kò gba owó ìrànwọ́ kankan tí wọ́n dìídì yà sọ́tọ̀ fún un.

Lẹ́yìn náà ni ìròyìn dé pé àwọn tó ni Python yóò yọ distutils kúrò ní ẹ̀dà 3.12. Ilé fẹ́ wó, ọjọ́ sì ti pé lé e. Ralf Gommers ló ṣíwájú àwọn tó gbé SciPy lọ sórí Meson, ètò kíkọ́ tí Jussi Pakkanen, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀, tó sì kọ́kọ́ gbé jáde ní 2013. Meson gbọ́ Fortran, ṣùgbọ́n kò tíì gbọ́ Cython. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ fi í kún un. Ìrìn náà kò rọrùn, nítorí ohun gbogbo tí numpy.distutils ń ṣe lábẹ́lẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni ni wọ́n wá ní láti sọ síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní July 2022, SciPy 1.9.0 jáde pẹ̀lú Meson. Ní September 2023, NumPy 1.26.0 tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 2, oṣù October, Python 3.12 jáde láìsí distutils. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo NumPy lọ́jọ́ náà kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ìyìn ńlá nìyẹn fún àwọn tó ṣe é.

Ewu tó wà nínú pípa irú iṣẹ́ yìí tì kì í ṣe ti kí nǹkan má ṣiṣẹ́ nìkan. Ní March 2024, Andres Freund, tó ń ṣiṣẹ́ lórí dátábéèsì PostgreSQL, ṣàkíyèsí pé wíwọlé sínú ẹ̀rọ rẹ̀ ń pẹ́ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ju bó ṣe yẹ lọ. Ó tọpa rẹ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ xz, irinṣẹ́ kékeré tó ń dín fáìlì kù, tó sì wà lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Linux. Ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ti fi ọdún mélòó kan bá àwọn tó ń ṣe xz ṣiṣẹ́ pẹ̀lú sùúrù títí wọ́n fi gbà á gbọ́, ó sì ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Ẹni tó bá lọ yẹ kóòdù wò níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ ní gbangba kò lè rí ohun tó ń ṣí ilẹ̀kùn náà. Inú fáìlì ètò kíkọ́ kan ló wà, `build-to-host.m4`, tó wà nínú ẹrù tí wọ́n dì fún pínpín nìkan. Bí wọ́n bá tẹ `./configure`, á lọ hú májèlé tí wọ́n rì mọ́ inú fáìlì ìdánwò. Jia Tan mọ ibi tí ẹnikẹ́ni kì í wò.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ńláńlá ti ń wá ọ̀nà tiwọn láti mú kíkọ́ rọrùn. Todd Gamblin bẹ̀rẹ̀ Spack ní 2013 ní ilé ìwádìí Lawrence Livermore ní California, ìlànà kíkọ́ sọ́fítíwíà tó ju 8,000 lọ ló sì ti wà nínú rẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá ti ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ láti kọ́ láíbúrárì kan á kọ bó ṣe ṣe é sílẹ̀, kí ẹlòmíràn má bàa tún fi ọ̀sẹ̀ kan ṣòfò.

Fortran ló kù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí kọ̀ǹpáílà Fortran ọ̀fẹ́ lórí Windows tó bá ti Microsoft mu dáadáa. Nígbà tí Apple gbé ẹ̀rọ M1 jáde ní November 2020, GCC kò tíì ṣètìlẹ́yìn fún un, àwọn ará SciPy sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wá kọ̀ǹpáílà Fortran kiri. Nítorí náà ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn: títún kóòdù Fortran inú SciPy kọ. Lára kóòdù tí wọ́n kọ́kọ́ mú ni AMOS, tí Donald Amos kọ ní ilé ìwádìí Sandia ní àwọn ọdún 1980 fún ìṣirò Bessel. Ìlà kan lẹ́yìn èkejì ni wọ́n fi yí i padà sí C. Kóòdù náà kò bàjẹ́; ìdáhùn rẹ̀ ṣì pé bó ṣe pé ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Wọ́n tún un kọ kí ó lè ṣeé kọ́ ni.